Bíírò Pupa Nìkan Kò Lè Kọ́ Ọmọ Ní Àròkọ

Ọ̀rọ̀ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó ti ń di ohun tí òbí àti olùkọ́ fi ń bínú síra wọn.

Ní sáà tó kọjá, ìyá kan tó ń ta aṣọ wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó gbé ìwé ọmọ rẹ̀ tó wà ní SS2 síwájú mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun o. Àmọ́ ẹ wo ibí yìí. Ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí tó jáde níjọ́sí, ńṣe ni ìwé rẹ̀ máa ń pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ti eléyìí, ibi mẹ́rin péré lẹ fàlà sí. Èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àṣìṣe rẹ̀ ju mẹ́rin lọ. Bí ẹ̀yin ò bá mú un, ta ni yóò bá mi mú un?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ìwé rẹ̀ pupa yẹn, ṣé ó yege Gẹ̀ẹ́sì?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ìdánwò náà."

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ṣe ń pín máàkì. Àròkọ bí ọ̀rọ̀ 450 ni ọmọ ń kọ, máàkì 50 ló sì wà fún un. Ohun tí ọmọ ní láti sọ gba 10. Bí ó ṣe tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin gba 10. Bí ó ṣe fi èdè gbé e kalẹ̀ gba 20. Sípẹ́lì, gírámà àti àmì ìdánudúró ló gba 10 tó kù. Nínú 10 ìkẹyìn yìí, ààbọ̀ máàkì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Bí àṣìṣe bá ti pé 20, ó ti tán. Òótọ́ ni pé gírámà tí kò dára a máa ba èdè náà jẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: olùkọ́ tó bá jẹ́ pé àṣìṣe nìkan ló ń wá kiri, ta ló fi máàkì 40 tó kù ṣọ́?

Ẹ tún wò ó láti ọ̀dọ̀ wa. Kíláàsì kan lè ní ọmọ 60. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá fàlà sí gbogbo àṣìṣe inú ìwé kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́wàá nìyẹn fún kíláàsì kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ wa ló sì ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ibi tí èyí ń já sí ni pé àròkọ kan tàbí méjì ni ọmọ ń kọ ní odidi sáà. Ta ló lè mọ odò wẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọ omi? Ọmọ tí ìwé rẹ̀ pupa pátápátá yóò wo máàkì rẹ̀, yóò pa ìwé dé. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rù yóò bà á, yóò lọ há àròkọ ẹlòmíràn sórí. Aṣọ àyálò ni àròkọ àkọ́sórí. Bí ìbéèrè bá yí padà, kò ní bá a mu mọ́.

Àṣìṣe àwọn ọmọ wa kì í ṣe ti òmùgọ̀, ó ní orísun. Àwa a máa gbọ́ ohùn, a sì máa gbọ́ òórùn; ọmọ bá kọ ọ́ pé "I hear the smell of soup." Àwa a máa fi "wọ́n" bu ọlá fún bàbá wa, ọmọ bá kọ "My father, they said." Ọ̀rọ̀ ìṣe tiwa kì í yí padà nítorí pé àná ni nǹkan ṣẹlẹ̀, ọmọ bá kọ "Yesterday I go." Bí mo bá fàlà sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní rí ọ̀kankan mú. Ibi mẹ́rin tí ìyá náà rí, ọ̀rọ̀ àná nìkan ni, nítorí òun la ń bá jà lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó di ti "wọ́n." Ọmọ náà yóò sì tún àròkọ rẹ̀ kọ kí n tó fún un ní máàkì.

Ìyá náà ní, "Ó yé mi. Ọmọ tuntun tó bá dé ìsọ̀ mi, aṣọ kíká ni mo ń kọ́kọ́ kọ́ ọ, kó tó kan wíwọ̀n. Ṣùgbọ́n èmi tí n ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ni mo lè ṣe?"

Mo ní, "Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ yín. Kó tó kọ ọ́, ẹ ní kó rò ó fún yín ní Yorùbá. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ bi í. Ibi tó bá fò, ẹ dá a padà síbẹ̀. Ohun tí kò yé ìyá ẹni ní Yorùbá kò lè yé ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní Gẹ̀ẹ́sì."

N kò sọ èyí láti fi tù ú nínú lásán. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa kọ nǹkan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìbáà jẹ́ ìpínrọ̀ kan. Ẹ yan irú àṣìṣe kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ méjì pààrọ̀ ìwé, kí wọ́n kà á síra wọn létí. Etí a máa rí ohun tí ojú fò. Kí ẹ sì kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ nípa ohun tí ọmọ sọ, kì í ṣe nípa sípẹ́lì rẹ̀ nìkan.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ìwé bá délé, ẹ má ṣe ka iye ibi tó pupa. Ẹ ní kí ọmọ jókòó, kí ó sọ fún yín ohun tó kọ.