Kí Ni "But" Ṣẹ̀ Yín?

Wọ́n tún ti sọ ọ́ sí mi létí, mi ò sì ní dákẹ́ mọ́. Wọ́n ní ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi "And" tàbí "But" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Tíṣà ń sọ ọ́, òbí ń sọ ọ́, ẹni tí kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tán rí náà ń fi í bá ọmọ ọlọ́mọ wí.

Kí wọ́n lọ ṣí Bíbélì King James ti ọdún 1611. Nínú ẹsẹ 31 tó wà ní orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì, 29 ló fi "And" bẹ̀rẹ̀. "But" wà níwájú gbólóhùn nínú òfin ìpilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó wà níbẹ̀ nínú Things Fall Apart tí Chinua Achebe kọ. Ìyẹn tó.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an ni ohun tí òfin burúkú yìí ń fi ojú ọmọ rí. Ọmọ kọ ọ́ sínú àròkọ pé: "My father was ill. But he went to the farm." Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ara bàbá kò yá, a rò pé yóò jókòó sílé, ó sì gba oko lọ: "But" ló gbé ìyẹn jáde. Tíṣà mú bírò pupa, ó fa igi lé e lórí. Ọmọ rántí "Moreover" tí wọ́n ní kó há sórí, ó bá kọ ọ́: "Moreover, he went to the farm." Ó bàjẹ́! "Moreover" ń kó ẹrù kún ẹrù ni. Àìsàn àti oko wá dà bí ẹ̀rí fún ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ tó mọ ohun tó fẹ́ sọ ni wọ́n sọ di ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ, wọ́n tún fún un ní máàkì!

Wọ́n á ní kó lo "However". Ìtumọ̀ bá a mu lóòótọ́. Àmọ́ ọmọ yóò fi í sí ibi tí "but" ti máa ń jókòó: "My father was ill, however he went to the farm." Àṣìṣe gidi nìyẹn. Kọ́mà àti "but" lè so odidi gbólóhùn méjì pọ̀. Kọ́mà àti "however" kò lè ṣe é, àfi kí ọmọ kọ́kọ́ fi àmì ìdánudúró tàbí sẹmikólọ̀n parí gbólóhùn kìíní. Wọ́n lé e kúrò lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n tì í sínú ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀, "although" àti "but" tí kì í jọ gbé inú gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, tí "bó tilẹ̀ jẹ́ pé" àti "síbẹ̀" tiwa sì ń rìn pọ̀ fàlàlà, ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti ń kọsẹ̀. Wọn kì í kọ́ ọ níyẹn!

Wọ́n ní ọmọdé á máa fi "And" bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn. Ẹ kọ́ ọ bí yóò ṣe dín in kù.

Ẹ bi ọmọ léèrè pé kí ni gbólóhùn kejì ń ṣe sí èkíní: ó ń kún un ni, ó ń takò ó ni, àbí èkíní ló fà á? Èsì rẹ̀ ni kó fi mú ọ̀rọ̀ asopọ̀, ìbáà kéré, ìbáà gùn. Tíṣà tó bá sì fẹ́ gé máàkì nítorí "But", kó kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ọmọ náà ohun tí "But" bà jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.