Ta Ló Yẹ Kó Yan Ọkọ̀ Aṣálẹ̀?

Ẹ̀yin ará wa lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó ń ra pikọ́ọ̀pù ńlá fún ìrìn àjò aṣálẹ̀ Sàhárà, agbára ẹ́ńjìnnì àti dídán ara ọkọ̀ ló ń wò. Àwa tí a ó wà á láti Kánò gba Agadez dé Tamanrasset, ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé là ń wò.

Ẹ bá wa ṣírò. Èèyàn márùn-ún, kílò 75 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, di 375. Omi lítà 100 jẹ́ kílò 100. Dísẹ́ẹ̀lì lítà 200 sún mọ́ 170. Ó ti di 645, a kò tí ì ka sípíà táyà, irinṣẹ́, oúnjẹ àti àgọ́. Bí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ bá jẹ́ 700, orí ta la ó ru ìyókù lé? Ford F-150 àti F-250 jọra lójú, ṣùgbọ́n F-250 ni wọ́n ṣe fún ẹrù wúwo.

Wọ́n á ní ká fi sípíríǹgì líle sí i. Ẹ̀tàn ni! Sípíríǹgì kò lè fi kún agbára bíréèkì àti táyà. Bí nǹkan bá sì ṣẹ́ nínú iyanrìn, dírẹ́bà ni wọn yóò dá lẹ́bi.

Ohun mẹ́ta là ń béèrè: kí a wọn ẹrù kí a tó ra ọkọ̀, kí a ra èyí tí a ó rí ẹ̀yà rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí dírẹ́bà àti mẹkáníìkì wà níbi tí wọ́n ti ń yàn án. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.