Fáìlì Tí Ó Ń Mú Kọ̀ǹpútà Fọhùn

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọ, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń kọ gbèsè oníbàárà sínú rẹ̀.

Ní sáà tí ó kọjá, kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àmì ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin alátùn-únṣe kan ní àgbègbè Póstọ́ọ̀fíìsì, nílùú Ìlọrin níbí. Ó nàka sí orúkọ kan, audiodg.exe. Ó ní, “Tíṣà, fáírọ́ọ̀sì nìyí. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà wá, kí n pa á rẹ́.” Àyà mi já, nítorí ìbéèrè ìdánwò wà nínú ẹ̀rọ náà, n kò sì ní ẹ̀dà mìíràn. Mo ní kí ó fún mi láàyè di ọjọ́ kejì. N kò rò pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ, àìmọ̀ ni.

Fáìlì yìí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì rárá. Microsoft ni ó ṣe é, ó sì ti wà láti ìgbà Windows Vista tí ó dé ọjà ní 2007. Òun ni ó ń po ohùn pọ̀. Àwọn àfikún ohùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, yàrá tirẹ̀ ni ó ń gbà wọ́n sí, kí èyí tí ó bá bàjẹ́ má baà kó bá ìyókù. Bí a bá pa á rẹ́, kọ̀ǹpútà yóò yadi.

Ṣùgbọ́n olè a máa jẹ́ orúkọ ọmọlúwàbí. Ètò burúkú lè jẹ́ audiodg.exe pẹ̀lú. Bí àjèjì bá dé Ìlọrin tí ó ní ọmọ ìlú ni òun, agboolé rẹ̀ ni à ń bi í. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún fáìlì. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Ẹ wá “Windows Audio Device Graph Isolation”, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan “Open file location”. C:\Windows\System32 ni agboolé rẹ̀. Bí ẹ bá bá a nínú Temp tàbí Downloads, ẹ má ṣí i; ẹ jẹ́ kí Windows Security yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò. Bí ó bá wà nílé tí ọkàn yín kò sì balẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ sfc /scannow. Yóò yẹ àwọn fáìlì Windows wò, yóò sì fi ojúlówó rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́.

Ilé ni mo bá tèmi. Àfikún ohùn tí wọ́n ń pè ní “audio enhancements” ni ó ń dà á láàmú. Mo pa á nínú Settings, ohùn sì mọ́ gaara. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ gbọ́ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ mi sì wà lápò.