Kírẹ́dìtì Márùn-ún Kan Náà, Ẹnu Ọ̀nà Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan gbogbo ilé tí ọmọ kan bá wà níbẹ̀ tí ó ní òun fẹ́ di apoògùn. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí ọmọ bá ti ní kírẹ́dìtì nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì, tí máàkì JAMB rẹ̀ sì dára, ọ̀ràn ti bùṣe. Ó ku kí yunifásítì pè é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, àjọ kan ṣoṣo ni ó sì ń ṣàkóso rẹ̀, ìyẹn Pharmacy Council of Nigeria, ṣùgbọ́n ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wọlé yàtọ̀ síra. Ìyàtọ̀ ọ̀hún lè mú kí ọmọ tí ó mọ̀wé dáadáa fi odidi ọdún kan jókòó sílé.

Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, n kò mọ̀ ju bí a ti ń gbé oògùn mì lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni gbólóhùn. Nígbà tí mo jókòó ti ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kọ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB, èyí tí wọ́n ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ń pè ní IBASS, mo rí i pé orí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ni gbogbo ìjà náà dá lé. “Àti” wà níhìn-ín, “tàbí” wà lọ́hùn-ún. Ilé-ẹ̀kọ́ kan lè ní kí ọmọ ṣe Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì mọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú UTME. Òmíràn lè ní Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì, pẹ̀lú Físíìsì tàbí Ìṣirò. Ọmọ tí ó bá yan Ìṣirò nítorí “tàbí” ti ilé-ẹ̀kọ́ kejì ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní, ì báà gba 300 nínú 400. Ẹni tí ó yan Físíìsì kò rí ìdíwọ́ ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nítorí náà, bí ọmọ bá bi mí, Físíìsì ni mo máa ń sọ, bí ó tilẹ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀rù ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ìjókòó. Ilé-ẹ̀kọ́ kan á ní inú ìjókòó kan ṣoṣo ni kírẹ́dìtì márààrún ti gbọ́dọ̀ jáde. Òmíràn gba ìjókòó méjì, ìyẹn ni pé ọmọ lè da èsì WAEC àti ti NECO pọ̀, tàbí kí ó da WAEC ọdún méjì pọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n gba méjì fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n tí ó bá ti kan irú ẹ̀kọ́ bí Ìṣègùn tàbí Ìpoògùn, wọn a fún okùn le. Ẹ wá wo bí àkókò ṣe tò: ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ọmọ ń gba fọ́ọ̀mù JAMB, nǹkan bí oṣù kẹrin ni ó ń ṣe UTME, nígbà yẹn kò tíì ṣe WAEC tán, oṣù kẹjọ ni èsì WAEC sì sábà máa ń jáde. Ó ti yan ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó mọ̀ bóyá ìjókòó kan yóò tó òun. Èmi ò fara mọ́ ètò yìí. Àwọn tí ó ń gbè é lẹ́yìn ń sọ pé ọmọ lè yí ilé-ẹ̀kọ́ padà lọ́dọ̀ JAMB. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ni, àsìkò rẹ̀ ní òpin, ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun yí i, báwo ni yóò ṣe yí i?

Ní ìsàlẹ̀ ilé tí mo ń gbé ní Anthony, ọmọbìnrin kan wà tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí ó wà ní JSS 2. Aago mẹ́rin ìdájí ni ìyá rẹ̀ ń jáde nílé, á wọ ọkọ̀ gba Maryland, Ojota àti Ketu lọ sí Mile 12, níbi tí ó ti ń ta tòmátò àti ata. Ọmọ náà ni ó máa ń bá ìyá àgbà tí ó wà pẹ̀lú wọn ka ara páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun ni ó mọ èyí tí Màmá ń lò láàárọ̀ àti èyí tí wọ́n ń lò lálẹ́. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Lọ́dún tí ó kọjá, ó gba 256 nínú UTME. Nígbà tí èsì WAEC dé, gbogbo rẹ̀ dára àfi Físíìsì tí ó jẹ́ D7. NECO tẹ̀ lé e: Físíìsì di C5, ṣùgbọ́n Èdè Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí D7. WAEC nìkan kò tó, NECO nìkan kò tó. Bí a bá dà wọ́n pọ̀, márààrún pé.

Ìyá rẹ̀ ti ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ọgbà wa. Ọkùnrin tí ó ń bá wọn tẹ kọ̀ǹpútà ní káfẹ̀ kan sọ fún un pé kò séwu, pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kì í wo ìyẹn. Mo ṣí IBASS lórí fóònù mi, mo wá ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà yàn, mo sì tú gbólóhùn tí mo rí níbẹ̀ sí Yorùbá fún ìyá: ìjókòó kan ṣoṣo fún Ìpoògùn. Ó wò mí títí. “Ọmọ mi,” ó ní, “ṣé kírẹ́dìtì ọjọ́ Ajé yàtọ̀ sí kírẹ́dìtì ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni?”

Ìbéèrè rẹ̀ lágbára ju bí ó ti dún lọ. Àwọn tí ó fọwọ́ sí ìjókòó kan ní ẹ̀kọ́ ìpoògùn kì í ṣe ohun tí à ń bù jẹ díẹ̀díẹ̀. Pé ẹni tí yóò gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ papọ̀ nínú sáà kan gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lè yege nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. N kò lè sọ pé kò sí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ní D7 nínú Físíìsì ní oṣù karùn-ún, tí ó padà ṣe é ní oṣù keje tí ó sì gba C5, ti kọ́ Físíìsì láàárín ìgbà náà. Èmi á tilẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó wà níwájú wọn ni kí wọ́n ṣe bí oníkáfẹ̀ ti wí, kí wọ́n máa retí pé ẹnikẹ́ni kò ní wò ó. Tàbí kí ọmọ jókòó, kí ó tún WAEC àdáṣe ṣe. Tàbí kí ó yí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba ìjókòó méjì. Ti àkọ́kọ́ ni mo bá wọn jà sí jù. Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ gbójú fo ọ̀ràn náà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò gba ìwé-ẹ̀rí gidi lọ́wọ́ ọmọ tí yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lè gba àyè náà padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti sanwó ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ibùgbé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba ìjókòó méjì jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ kan tí kì í ṣe Èkó. Owó rẹ̀ ga ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ, ọmọ kò sì ní lè máa ti ilé lọ. Ìyá ń fẹ́ kí ó dúró nítòsí. Ta ni yóò máa bá ìyá àgbà ka oògùn? Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi rò ó. Ọmọ náà ní òun kò fẹ́ fi ọdún kan jókòó torí ọ̀rọ̀ “ìjókòó”, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n yí ilé-ẹ̀kọ́ padà, wọ́n sì lọ sí ibùdó CBT kan tí JAMB fọwọ́ sí, kí wọ́n gbé èsì méjèèjì sórí ojú-ewé ọmọ náà, torí pé èsì tí kò bá sí lórí JAMB dà bí èsì tí kò jáde rárá: ilé-ẹ̀kọ́ kò ní rí i nínú CAPS, ètò tí wọ́n fi ń gba ọmọ wọlé. Ọdún kìn-ín-ní ni ó wà báyìí. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo máa ń bá Màmá to oògùn ọ̀sẹ̀.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rí, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń ṣírò máàkì. Yunifásítì Èkó, ti Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ kì í fojú sí UTME tí kò tó 200. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà wọn pínyà. Ní Èkó, UTME gba 50 nínú 100, ìdánwò àbáwọlé tiwọn gba 30, èsì WAEC tàbí NECO sì gba 20. Ní Ifẹ̀, 50, 40 àti 10 ni. Ní Ìbàdàn, UTME gba 50, ìdánwò àbáwọlé gba 50, èsì WAEC kò sì fi máàkì kankan kún un. Ó kàn ń ṣí ilẹ̀kùn ni. Ní Èkó, A1 kan jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, ó ń sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé C6 tí ó jẹ́ 2. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ọmọ tí ó ní A1 márùn-ún gba 20, ọmọ tí ó ní C6 márùn-ún gba 10. Máàkì 8 nínú UTME ni ó ń di 1 nínú ìṣirò yìí, nítorí náà, máàkì 10 tí ó wà láàárín wọn jẹ́ 80 nínú JAMB. Àwọn méjèèjì ní kírẹ́dìtì márùn-ún o! Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọjú sí Ìbàdàn, ibì kan náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ọmọ tí kírẹ́dìtì rẹ̀ kò ga, tí ó sì mọ̀ pé òun máa ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò, màá rò ó kí n tó wọ ọkọ̀ ní Anthony gba Obanikoro àti Palmgrove lọ sí Akoka. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún ṣá, torí pé ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ìṣirò yìí wà.

Ti àwọn tí ó ń gba Direct Entry wọlé kò gùn. JUPEB, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yunifásítì Èkó, àti IJMB ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, lè gbé ọmọ wọ ọdún kejì. Kẹ́mísìrì, Báyọ́lọ́jì àti Físíìsì ni ó sàn kí ẹni tí ó ń fojú sun Ìpoògùn ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń gba gbogbo ìwé-ẹ̀rí wọ̀nyí, nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ń ta fọ́ọ̀mù. Kò sì sí Direct Entry tí ó ń pa kírẹ́dìtì márùn-ún rẹ́.

Ẹni tí ó bá rò pé Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ ti rí báyìí, kí ó bi ọ̀rẹ́ mi kan tí ó wà ní Houston. Ó gba oyè Microbiology níbí, ó wá fẹ́ ka PharmD lọ́hùn-ún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpoògùn méjì ni ó wà ní ìlú yẹn, ọ̀kan ní University of Houston, èkejì ní Texas Southern University, ó sì tún kọ̀wé sí àwọn ìlú mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní àkójọ ẹ̀kọ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ti kà ṣáájú: Kẹ́mísìrì oní-kábọ́ọ̀nù, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, ìṣirò kákúlọ́ọ̀sì, ìṣirò ìwádìí. Òmíràn á fi ètò ọrọ̀ ajé sí i, òmíràn á fi ọ̀rọ̀ sísọ níwájú àwùjọ sí i. Ọ̀rẹ́ mi, tí ó ti ń ṣe olóòtú ìgbéyàwó láti ìgbà tí a wà ní yunifásítì, ni wọ́n ní kí ó lọ kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò! Àwọn kan kì í tilẹ̀ gba ẹ̀kọ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ jù. Ó ya tábìlì sínú ìwé, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ní apá kan, ẹ̀kọ́ ní apá kejì, ó wá ń fàmì sí ohun tí ó ti kà. Ohun kan ṣoṣo tí ó fúyẹ́ fún un ni pé wọ́n ti fòpin sí PCAT, ìdánwò àbáwọlé tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè tẹ́lẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024.

Mo ti gba tábìlì rẹ̀ lò fún àwọn ọmọ àdúgbò wa. Ìlà márùn-ún ni mo yà: ẹ̀kọ́ UTME, iye ìjókòó, bí wọ́n ṣe ń ṣírò máàkì, owó, àti iye ọdún. Ìlà tí ó kẹ́yìn yìí ń ya àwọn òbí lẹ́nu. Ọdún márùn-ún ni a ń ka B.Pharm, mẹ́fà ni PharmD, èyí tí Yunifásítì Benin kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì ti tẹ̀ lé. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún kan wà fún ìkọ́ṣẹ́ kí ènìyàn tó di apoògùn tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìsìnlú NYSC sì tún wà níbẹ̀.

Mo ní láti fi ìlà kẹfà kún un lẹ́yìn tí òbí kan ti fi ìwé ìgbàwọlé ọmọ rẹ̀ hàn mí: ṣé Pharmacy Council fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà? Àjọ náà ni ó ń yẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wò, òun ni ó sì ń sọ iye ọmọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún. Ẹni tí ó bá jáde níbi tí wọn kò fọwọ́ sí, tàbí tí ó wọlé lẹ́yìn tí iye náà ti pé, lè ka ìwé rẹ̀ tán kí ó má rí orúkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yege wà lórí ojú-òpó àjọ náà. Kí ẹ tó san owó ìtẹ́wọ́gbà ni kí ẹ ti ṣí i. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.