Fáìlì ọlọ́pàá: Èwo ló yẹ kó wà ní bòńkẹ́lẹ́, èwo ló yẹ kí aráàlú mọ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n fi owó aráàlú rán, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ sì tún gbé ìbọn lé èjìká, ǹjẹ́ ẹni náà nìkan ló ni ín? Ìbéèrè yìí kan àwọn èèyàn Baruwa, Ìpájà, Ìkọ̀tún àti gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́ nígbàkigbà tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ wọn dúró lójú títì.

Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2019, ìbọn ọlọ́pàá ba ọ̀dọ́kùnrin kan, Kọ́ládé Johnson, ní Onípẹ̀tẹ́sì, lágbègbè Máńgòrò, níbi tó ti lọ wo bọ́ọ̀lù. Ó kú. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Èkó kéde orúkọ ọlọ́pàá méjì tí wọ́n mú, wọ́n sì gbé wọn síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tí aráàlú kì í sábà gbọ́ ni ti àtẹ̀yìnwá: ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ lónìí, ṣé ó ti ṣe irú ẹ̀ rí? Ṣé wọ́n bá a wí ni àbí wọ́n kàn gbé e kúrò ní àgọ́ kan lọ sí òmíràn? Inú fáìlì ni ìdáhùn wà, inú àpótí ni fáìlì sì wà.

Òfin òmìnira láti gba ìròyìn, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù lóṣù karùn-ún ọdún 2011, sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Abala kẹrìnlá sọ pé iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ bo fáìlì òṣìṣẹ́ rẹ̀ láṣìírí. Ẹni tó bá kà á débẹ̀ nìkan yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀, abala kan náà tún sọ pé bí àǹfààní tí aráàlú máa rí níbẹ̀ bá ju ti bíbo àṣírí ẹni náà lọ, kí wọ́n fi í hàn.

Kí a má parọ́ mọ́ ọlọ́pàá o. Èèyàn ni àwọn náà, wọ́n ní aya, wọ́n ní ọmọ. Abala kẹtàdínlógójì ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ilé àti ìwé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Lóṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, àwọn jàǹdùkú dáná sun ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá nípìnlẹ̀ Èkó, wọ́n sì pa ọlọ́pàá. Bí ìwé ìròyìn bá gbé ojúlé ọlọ́pàá jáde nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ikú ló ń júwe ọ̀nà fún.

Nítorí náà, ohun méjì ló wà nínú fáìlì kan ṣoṣo. Ojúlé tó ń gbé, àìsàn tó ń ṣe é, àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì àti ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, tirẹ̀ nìkan nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyà tó fi jẹ aráàlú, owó tó fi ipá gbà, ẹ̀sùn tí ìgbìmọ̀ ìbáwí ti dá a lẹ́bi lé lórí, ti aráàlú ni. Ẹ̀sùn tí wọn kò tíì wádìí kò sí lára rẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni lè purọ́ mọ́ ọlọ́pàá tó mú un.

Èyí tó burú ni kí àwọn agbófinró sọ gbogbo ìwé di èèwọ̀, kí wọ́n wá dojú ìjà kọ akọ̀ròyìn. Lóṣù kẹjọ ọdún 2018, wọ́n ti Samuel Ogundipe, akọ̀ròyìn Premium Times, mọ́lé l'Ábújá nítorí ìròyìn tó kọ lórí ìwé tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Ibrahim Idris, kọ sí Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò tó jẹ́ adelé Ààrẹ. Wọ́n ní kó dárúkọ ẹni tó fún un níwèé, ó kọ̀. Ìyẹn kì í ṣe fáìlì òṣìṣẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá lè ti èèyàn mọ́lé nítorí lẹ́tà, kí ni wọ́n máa ṣe fún ẹni tí fáìlì bá bọ́ sí lọ́wọ́?

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan lọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní New York, l'Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1976 bo ìwé ìbáwí ọlọ́pàá mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2014, ọlọ́pàá kan fi apá fún Eric Garner lọ́rùn, ó sì kú. Ọdún 2017 ni ìwé tó jò sọ́wọ́ àwọn akọ̀ròyìn tó fi hàn pé wọ́n ti fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá náà lọ́pọ̀ ìgbà ṣáájú, tí wọ́n sì ti rí i pé òótọ́ ni àwọn kan nínú rẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2020, lẹ́yìn ikú George Floyd, ni wọ́n tó fagi lé òfin náà.

Àwọn ará Baruwa mọ ewu ohun tó ń jò lábẹ́lẹ̀. Láwọn ọdún 1990, epo bẹntiróòlù jò láti inú páìpù tó gba abẹ́ ilẹ̀ wọn kọjá, ó rọra wọ inú kànga, omi sì di ohun tí kò ṣe é mu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọlọ́pàá búburú tí wọ́n ń gbé láti àgọ́ dé àgọ́, láìsí ẹni tó mọ ohun tó ti ṣe sẹ́yìn.

Ó yẹ kí àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, tí òfin fún lágbára láti bá wọn wí, máa kéde lọ́dọọdún orúkọ àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi àti ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n. Kí àwọn akọ̀ròyìn náà fi ojúlé àti ọ̀rọ̀ ẹbí sílẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé pẹ̀lú, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ oníròyìn nìkan ni. Òfin ọdún 2011 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti béèrè láìsọ ìdí, ẹni tí kò mọ̀wé kọ sì lè rán ẹlòmíràn. Ọjọ́ méje ni iléeṣẹ́ ìjọba ní láti fèsì. Ọlọ́pàá rere pọ̀, àwọn gan-an ni orúkọ wọn ń bàjẹ́ bí wọ́n bá ń ti fáìlì tiwọn àti ti ọ̀daràn mọ́ inú àpótí kan náà.