Ẹ Lọ Wo Ìlú Nígbà Tí Ojú Ṣì Ń Ríran

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń gbé ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Iléṣà ti lọ sí Èkó láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n kí ni a lọ ṣe níbẹ̀? A lọ sìnkú, a lọ rajà, a lọ sin ọmọ dé pápákọ̀ òfúrufú. Bí a bá ti parí rẹ̀, a ó sáré wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ta ni nínú wa tí ó ti lọ sí Èkó rí kí ó kàn lọ wò ó?

Ọ̀rẹ́ wa kan ni ó bi wá ní ìbéèrè yìí. Tíṣà ni, ìtàn ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ fún un pé àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ti gba ojú ọ̀tún rẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ti òsì jà. Àìsàn yìí kì í sábà dunni. Láti ẹ̀gbẹ́ ni ó ti máa ń jẹ ìríran wọ inú, ẹni tí ó ń ṣe kì í sì í tètè fura. Èyí tí ó bá ti gbà lọ kì í padà wá, ṣùgbọ́n oògùn kíkán tàbí iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bo èyí tó kù. Tíṣà ń kán tirẹ̀ déédéé. Ó wá sọ fún wa pé, "Pásítọ̀, mo ti fi ẹnu ròyìn Èkó fún ọmọ ọlọ́mọ títí. Ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí i, kí ó tó di pé wọ́n ń ròyìn rẹ̀ fún èmi náà." Bí a ṣe dá ọjọ́ nìyẹn: Sátidé kan àti Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ní ń jẹ ejò níyà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrìnpọ̀ náà ní àdéhùn tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún wà tí ìrìn-àjò ọjọ́ méjì tú ká, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ló sì sábà ń fà á. Nítorí náà, kí a tó kúrò nílé, a fi ẹnu kò lórí ohun mẹ́ta. Èkíní, iye kan náà ni olúkúlùkù wa yóò fi sínú àpòòwé kan, inú rẹ̀ ni a ó sì ti máa náwó. Èkejì, ẹni tí ó bá rẹ̀ yóò sọ, ẹnìkejì kò sì gbọdọ̀ bá a jiyàn. Ẹ̀kẹta, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún Tíṣà ni a ó máa rìn sí. A ó máa sọ fún un bí àtẹ̀gùn tàbí kòtò bá wà níwájú, ṣùgbọ́n a kò ní fà á lọ́wọ́ bí ọmọdé, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí a mú òun dání.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ sí Èbúté-Mẹ́tta ní ọdún 2021. Láti ibẹ̀, tásì gbé wa gba orí afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990. Tíṣà ní kí awakọ̀ rọra, kí òun lè wo ọ̀sà dáadáa.

Músíọ̀mù ìjọba ní Oníkàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, ni a kọ́kọ́ yà sí. Ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976 wà níbẹ̀, ihò ọta sì wà lára rẹ̀. Tíṣà ti kọ ọjọ́ yẹn sára pátákó níye ìgbà. Ó dúró pẹ́ níwájú ọkọ̀ náà, kò sọ nǹkan kan.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́bẹ̀, wọ́n sì ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́bẹ̀. Láti ọdún 2010 ni ó ti di ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí ènìyàn ti ń sunkún nígbà kan ni a jókòó sí tí a ń mu omi tútù.

Nínú Kàtídírà Máríńà ni ara Tíṣà ti yá jù. Ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà níbẹ̀. Ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ni, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òun ni ó ṣáájú iṣẹ́ ìtúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Tíṣà sún mọ́ ọn, ó fi ojú òsì rẹ̀ ka orúkọ náà, ó sì tún fi ìka tọ ọ́.

Ohun kan wà tí a kò bá. Nítòsí Tinúbú ni Ilojo Bar wà tẹ́lẹ̀, ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Tíṣà ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni òun gba ibẹ̀ kọjá nígbà èwe òun, tí òun ń sọ pé òun yóò yà wò ó lọ́jọ́ mìíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́, a wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 láti Máríńà dé Mile 2. A kò ní iṣẹ́ kankan ní Mile 2. A kàn bá a lọ, a sì bá a bọ̀, àwa àgbà méjì, a ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, a padà sílé. Owó ṣẹ́ kù nínú àpòòwé. A pín in dọ́gba.

Ẹ̀yin ará, ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ilé tí ó ti lé ní 160 ọdún ń wó, ojú ń ṣú, ọ̀rẹ́ ń lọ. Ẹ má yáwó ṣe fàájì o. Bí Èkó bá jìnnà sí àpò yín, Bówer Tower wà ní Ìbàdàn, Olúmọ wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú bàbá àti ìyá yín jáde nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì gbé wọn. Ẹni tí ó bá sì ti lé ní ogójì ọdún, pàápàá bí àìsàn ojú yìí bá ti ṣe òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, kí ó lọ jẹ́ kí dókítà wo ojú rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Má dúró de ìgbà tí yóò máa dùn ọ́.

Ọ̀rẹ́ wo ni ẹ ti ń sọ fún pé "a ó jọ lọ lọ́jọ́ kan"? Ẹ bá a dá ọjọ́ náà lónìí. Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.