Ìrora Tí Ojú Kò Rí

Bí obìnrin tí ń ta ẹja ní Ọjà Ọlúwo, ní Ẹ̀pẹ́, bá wí pé gbogbo ara ń ro òun, làkúrègbé ni a ó pè é. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí àgbo kò ràn án, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán egungun kò sì fi nǹkan kan hàn, a ó sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Àwa pàápàá wí bẹ́ẹ̀ sí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ní Ìkòròdú. Ojú ń tì wá títí di òní.

Àìsàn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fibromyalgia. Oríkèé kì í wú. Ọpọlọ ni ó ń gbọ́ ìrora ju bí ó ti yẹ lọ, oorun kì í sì í mú àárẹ̀ kúrò. Ní 1990, ibi 18 lára ni àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ní kí a máa tẹ̀ láti fi mọ̀ ọ́n. Ní 2010 wọ́n gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀ tí ó fi ìbéèrè rọ́pò títẹ ara. Oníṣègùn gba ẹnu aláìsàn gbọ́, àwa aládùúgbò rẹ̀ kọ̀!

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ọjọ́ 12 oṣù May ni ọjọ́ ìkéde àìsàn yìí lọ́dọọdún. Kí ẹni tí yóò kọ́ni ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú sọ ọ́ fún àwọn òbí ní ọjọ́ náà, kí ó sì fi kún un pé rírìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ a máa dín ìrora náà kù.